Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Gba Rẹ́jísítà Là

Sí Dáwódù wa, àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ. Mo kí ọ́fíìsì rẹ tó wà lókè pátápátá nínú ilé alájà púpọ̀, níbi tí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà fún ayé gbọ́, tí o ti ń rí gbogbo ìlú láti ojú fèrèsé àfi ilé bàbá rẹ. Mo gbàdúrà pé kí ara rẹ le, kí ẹ̀yìn má ro ọ́ lórí àga onítáyà tí o ń jókòó lé látàárọ̀. Ara èmi náà le. Inú ló kàn ń bí mi.

Lẹ́tà tí o kọ sí bàbá rẹ dé ní Ọjọ́rú. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ojú mi ni wọ́n ṣe kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n sì nà án sí mi. O gé àwòrán ọ̀gá wa jáde nínú ìwé ìròyìn, o fi pín-ìnnì há a mọ́ lẹ́tà náà, o wá kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé: “Bàbá, ẹ wo ohun tí ẹni tí ẹ jọ wà níbi iṣẹ́ kan náà ṣe. Kí lẹ̀yin ń ṣe ní tiyín láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, yàtọ̀ sí pé kí ẹ máa rùn bíi gọ́ọ̀mù?” Ṣé ìwọ lo kọ ìyẹn, Dáwódù, àbí wọ́n yá ọ lọ́wọ́ ni? Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Tìrẹ ò tilẹ̀ já bọ́. Ńṣe lo dìídì sọ ọ́ mọ́ àgbàlagbà lójú. Láti Ọjọ́rú náà, bàbá rẹ ò dárúkọ rẹ mọ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọ́n á sì jáde. Nǹkan kan tún wà tí lẹ́tà rẹ fẹ́ bà jẹ́, tí kò tíì bàjẹ́ tán. Mo ń kọ̀wé yìí kí o lè mọ̀ bóyá wàá ṣì ní bàbá tó máa dá ọ lóhùn bí o bá pè é.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí ibi iṣẹ́ wa, torí ó jọ pé gíga ibi tí o wà ti sọ ọ́ di kékeré lójú rẹ. Ilé ìforúkọsílẹ̀ ni. Bí wọ́n bá bímọ, bí wọ́n bá gbéyàwó, bí wọ́n bá sìnkú, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń wá kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ náà á sì wọ inú rẹ́jísítà, ìwé ńlá tó jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé e. Bí ẹ̀yìn rẹ́jísítà bá ya, tàbí tí ewé rẹ̀ bá ń já, bàbá rẹ ló ń dì í padà. Adìwé ni iṣẹ́ wọn, o sì mọ̀. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú tábìlì kan, ìkòkò gọ́ọ̀mù kan, àti ẹ̀rọ onírin tí wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kó má ká kò. Èmi wà níwájú, ní ẹnu ọ̀nà ọ̀gá, mò ń tẹ lẹ́tà.

Ọ̀gá tí o gé àwòrán rẹ̀ yìí, Àṣeyọrí là ń pè é bó bá ti kọjá. Kò sí ìpàdé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí kò ní ka àṣeyọrí mẹ́ta tí òun ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí àwa rí i pé ó ṣe ò ju pé ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé e kọ́, ó tún gbé e wọ̀ lọ sílé. Háńkáṣíìfù ló fi ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó ti lo ọdún mẹ́fà pẹ̀lú wa, kò sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkówèésí ń yí sí. Ó kéré sí bàbá rẹ ní ọdún méje, ìwọ ló sì ń pè wọ́n. Mò ń pòṣé bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹni tó jókòó tì mí nínú ọ́fíìsì ń bi mí bóyá eyín ló ń dùn mí.

Ó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Páìpù tó gba inú àjà yàrá ìkówèésí kọjá ti bẹ́ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, omi sì ti ń dà lé àwọn rẹ́jísítà lórí fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Igba ó lé méjìlá ìwé ló rin gbingbin. Bàbá rẹ ká ṣòkòtò, wọ́n wọ inú omi lọ, wọ́n gbé èyí tó sún mọ́ wọn jù mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tí ibà ń ṣe. Àṣeyọrí dúró síbi tó gbẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi háńkáṣíìfù bo imú, ó ní, “Ẹ wá nǹkan ṣe sí i.” Ẹni tó ń bá wí, n ò mọ̀ títí di òní.

Kò pẹ́ ni ọgbọ́n bá ṣẹ́ sí i lórí. Ó ní kí wọ́n gbé hítà wá, kí wọ́n to ìwé síwájú rẹ̀ kó lè yára gbẹ. Bàbá rẹ ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ooru á lẹ̀ wọ́n pọ̀ ni. Bébà àtijọ́ lèyí. Tí ẹ bá fi ooru bá a jà, á di pákó.” Àṣeyọrí wò wọ́n látòkèdélẹ̀, ó ní, “Adìwé lásán ni ọ́. Ìgbà wo lo wá di ẹnjiníà?” Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún un? Wọ́n to mẹ́fà síwájú hítà. Kó tó di ọ̀sán, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti gan, ewé wọn ti lẹ̀ mọ́ra, yíǹkì ti ṣàn lọ. Ìwé ìbí ọdún méjì ló wà nínú mẹ́fà yẹn. Àwọn tó ni orúkọ ibẹ̀ ṣì ń rìn kiri ìgboro, wọn ò mọ̀ pé kò sí ibi kankan mọ́ tí wọ́n ti bí àwọn. Àṣeyọrí wò ó, ó ní orí ń fọ́ òun, ó wọ mọ́tò, ó lọ sílé. Orí fífọ́ yẹn nìkan ni ìrànlọ́wọ́ tó ṣe fún wa lọ́jọ́ náà.

Bó ti lọ, bàbá rẹ sọdá títì lọ bá obìnrin tó ni ilé yìnyín, níbi tí wọ́n ń kó ẹja páálí sí. Wọ́n ní kó bá àwọn wá àyè fún ìwé. Obìnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá báyìí? Ìwé lẹ fẹ́ kó sínú yìnyín?” Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ìwé tó tutù, bó bá wà níta, á bu láàárín ọjọ́ mẹ́ta, á máa rùn, ewé rẹ̀ á sì máa jẹrà, bẹ́ẹ̀ kò sí ọwọ́ tó lè mú igba ìwé gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bó bá dì gbagidi, kò ní bu, yíǹkì rẹ̀ ò ní ṣàn, á dúró de èèyàn títí onítọ̀hún á fi ráyè gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Obìnrin náà ti páálí ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ẹ kó o wá. Ṣùgbọ́n bó bá gbóòórùn ẹja, ẹ má wá bá mi jà o.” A fi náílọ̀n wé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà lẹ̀ mọ́ra, a fi bárò gbé e sọdá títì, èmi, bàbá rẹ àti obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Igba ó lé mẹ́fà ni a kó wọlé. Apá mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Láti ìgbà náà, mẹ́rin mẹ́rin ni bàbá rẹ ń yọ ìwé náà. Wọ́n á jẹ́ kí yìnyín rẹ̀ yọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n á fi bébà funfun sáàárín ewé kan àti èkejì, wọ́n á sì máa pààrọ̀ bébà náà ní wákàtí méjì-méjì. Fáànù á máa fẹ́ sí ara ògiri, kì í ṣe sí ìwé. Bó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, abẹ́ ẹ̀rọ onírin ló ń lọ. Rẹ́jísítà kan lè ní ọ̀ọ́dúnrún ewé, Dáwódù. Ìka bàbá rẹ ti bó, wọ́n sì fi báńdéèjì wé méjì nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Àádọ́jọ ìwé ti gbẹ, tí o bá ṣí i, wàá ka orúkọ ibẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Ó wá kan èmi. Lẹ́tà méjì dé láti olú iléeṣẹ́ wa lọ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀kan ní kí ọ̀gá kọ ìjábọ̀ nípa bí àwọn ìwé ṣe bọ́ lọ́wọ́ omi. Èkejì ní wọ́n fẹ́ mú àwọn iṣẹ́ kan kúrò nítorí pé kọ̀ǹpútà ti dé, adìwé ló sì wà lókè pátápátá nínú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ mú kúrò, àyàfi bí ìjábọ̀ bá fi hàn pé ó ṣì wúlò. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé náà pé ìjábọ̀ yẹn ló máa sọ bóyá bàbá rẹ á dúró tàbí á lọ.

Àṣeyọrí pè mí. Ó na ẹsẹ̀, ó pa ojú dé bí ẹni fẹ́ gbàdúrà, ó ní, “Tẹ̀ ẹ́ pé: I rescued the registers.” Mo tẹ̀ ẹ́. A dé ìpínrọ̀ kejì, ó tún ní rescued. A dé ìkẹta, rescued náà ni. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ó la ojú, ó ní, “Rárá o, ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo iṣẹ́ yìí? Wá òmíràn fún mi.” Dikíṣọ́nárì kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, irú èyí tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra sójú kan. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo nu eruku ara rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Mo ní, “Salvage ńkọ́, sà?” Ó yínmú, ó ní ìyẹn ń rùn bí irin àlòkù. Mo ní, “Retrieve?” Ó ní ajá ló ń ṣe ìyẹn bí wọ́n bá ju igi fún un. Mo ní, “Pull off?” Ó ní kí n má bá òun fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ́ ṣòkòtò sínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé accomplish, ó jókòó dáadáa. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Òun náà fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ní, “Àháà. Iwájú ni kí o fi ìyẹn sí.” A tún mú achieve, a mú recover, a mú deliver, a mú surmount. Ó ní redeem dà bí ọ̀rọ̀ pásítọ̀, nítorí náà kí n fi í parí rẹ̀, kí ẹni tó bá kà á lè ṣe àmín. Kí a tó dìde níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógún ti wọ ojú ìwé méjì, “I” sì dúró gbọn-in níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí o bá da gbogbo rẹ̀ sí èdè tí ìyá wa fi tọ́ wa, kò ju pé mo ṣe é, mo gbà á là. Irọ́ sì ni méjèèjì.

Bí mo bá sọ fún ọ pé tipátipá ló fi mú mi, irọ́ lèmi náà pa. Ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, èmi ni mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù nínú kíláàsì wa, láti ìgbà náà sì rèé, kò sí ẹni tó bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan rí. Iṣẹ́ mi ni kí n tẹ ohun tí ẹlòmíràn sọ. Nígbà tí Àṣeyọrí ní, “Obìnrin yìí, orí ẹ mà pé o,” mo rẹ́rìn-ín, mo tún ṣí ojú ìwé mìíràn. Bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń kó lé e lọ́wọ́, mo sì mọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí, ó ní kí n fi kún un pé àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan ṣèrànwọ́. Mo tẹ ìyẹn náà. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi tí wọ́n bí lọ́mọ, wọ́n rán mi níṣẹ́ ẹrú, tẹrú náà ni mo sì jẹ́. Nítorí náà, bí mo ṣe ń fi ọ́ ṣẹ̀sín yìí, má rò pé mo yọ ara mi sílẹ̀.

Akọ̀ròyìn tó ya fọ́tò yẹn ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó mu omi, ó gba ìjábọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí ọ̀gá gbé ìwé kan dání. Mú àwòrán tí o gé náà, kí o wò ó dáadáa. Orí kodò ni rẹ́jísítà ọwọ́ Àṣeyọrí wà. Lápá òsì, wàá rí èjìká ẹnìkan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú, tí wọ́n gé kúrò. Èjìká bàbá rẹ ni. Ìwọ náà sì fi sísọ́ọ̀sì gé ìyókù rẹ̀ dànù.

Lọ́sẹ̀ kejì tí ìwé ìròyìn yẹn jáde, Àṣeyọrí tún pè mí. Lẹ́tà tí ó fẹ́ kí n tẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ò gba dikíṣọ́nárì rárá, ìlà mẹ́ta péré ni. Lẹ́tà ìdádúró bàbá rẹ ni, pé kí iṣẹ́ wọn parí ní òpin oṣù yìí. Ọwọ́ mi yìí ló tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi yìí ló gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Bàbá rẹ nu ọwọ́, wọ́n kà á, wọ́n ní, “Àbúrò, ṣé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́? Ó mọ́ o.” Wọ́n fi í sí abẹ́ ìkòkò gọ́ọ̀mù, wọ́n sì padà sídìí ìwé tí wọ́n ń yí. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, mo sunkún níbẹ̀. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí Àṣeyọrí fi accomplish mú èyí tó kù gbẹ. Wọ́n ní, “Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀ mí?”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni olùbẹ̀wò kan dé láti olú iléeṣẹ́, obìnrin kúkúrú kan tó gbé báàgì tó tóbi jù ú lọ. Odò ti kún wọ ilé ìforúkọsílẹ̀ ìlú mìíràn, ẹgbẹ̀rin ìwé ló wà nínú ẹrẹ̀. Ó ti ka ìjábọ̀ wa, ó sì fẹ́ kí Àṣeyọrí wá ṣe irú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní kó kọ́kọ́ fi bó ṣe ṣe é han òun. Àṣeyọrí ti wọ kóòtù tó dára jù lọ́jọ́ náà. Ó ṣíwájú wọ yàrá ẹ̀yìn, ó rí rẹ́jísítà kan lórí tábìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti inú yìnyín, ó di èèpo rẹ̀ mú, ó fẹ́ fi agbára ṣí i. Bàbá rẹ gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú. “Ẹ má ṣí i, sà! Ó ṣì dì. Á kán bíi bísíkíìtì.”

Olùbẹ̀wò náà wo ọwọ́ méjèèjì, ti ẹni tó dì mú àti ti ẹni tí wọ́n dì mú. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ gba ìwé yìí là. Ọwọ́ wo lẹ fi ṣe é?” Àṣeyọrí bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun accomplish, òun achieve, òun surmount, ó ń kà á bí ọmọ tó há orin sórí. Obìnrin náà dúró títí ó fi parí. Ó ní, “Mo ti ka ìyẹn. Ọwọ́ ni mo béèrè.” Ó wá yíjú sí èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ tẹ ìjábọ̀ náà. Ṣé òótọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀?”

Dáwódù, mo dákẹ́. Mo ronú nípa àga mi, nípa ọdún mẹ́ta tó kù kí n fẹ̀yìn tì, mo sì wo bàtà mi. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ìwọ náà lè sọ pé o ò ní dákẹ́ bó bá ṣe ìwọ ni. Bàbá rẹ ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀ ló tẹ̀, mà. Ẹ má bi í. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.” Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù kí wọ́n lé wọn kúrò níbi iṣẹ́, èmi ni wọ́n ń gbèjà. Ojú tì mí débi tí mi ò lè pa ẹnu mọ́ mọ́. Mo ní, “Mo mọ̀, mà. Ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógún tó wà nínú ìjábọ̀ yẹn, èmi ni mo wá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ṣe iṣẹ́ náà. Mẹ́fà tó bàjẹ́ nìkan ni ti ọ̀gá.” Àṣeyọrí ní, “Orí obìnrin yìí ti dàrú!” Olùbẹ̀wò náà ò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ká apá aṣọ, ó ní kí bàbá rẹ kọ́ òun. Wákàtí méjì ló fi dúró sídìí tábìlì yẹn. Nígbà tó ń lọ, ó gba lẹ́tà ìdádúró lọ́wọ́ bàbá rẹ, ó ká a sínú báàgì, ó ní lẹ́tà náà ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Má rò pé ọ̀run já lu Àṣeyọrí o. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà níbòji, ìyẹn ò tíì yí padà. Ó pe ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀, ó ka àṣeyọrí mẹ́ta fún wa. Ẹ̀kẹta ni pé òun ṣàwárí ẹ̀bùn ńlá kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ òun. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó dibọ́n pé ikọ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìwọ rèé. Bàbá rẹ ni wọ́n fẹ́ rán lọ sí ìlú tí odò ti kún náà, fún oṣù mẹ́fà, nítorí ẹgbẹ̀rin ìwé tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn. Olùbẹ̀wò fún wọn ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹnìkan tí wọ́n fọkàn tán, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, tí yóò bá wọn lọ. Bó ti lọ tán, wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n kọ orúkọ rẹ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tó ti di ẹni ńlá?” Wọ́n ní ọwọ́ Dáwódù dára ju tàwọn lọ, pé láti kékeré ni o ti lè fi èékánná ya ewé ìwé tútù sọ́tọ̀ láìfà á ya, pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, àwọn kàn ò sọ ọ́ fún ọ ni. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi bẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, tìrẹ dé. Nígbà tí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta tán, tí wọ́n nà án sí mi, wọ́n fa fọ́ọ̀mù yọ, wọ́n mú rọ́bà, wọ́n pa orúkọ rẹ rẹ́. Wọ́n ní, “Tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá wù ọ́ síbẹ̀.”

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ yìí ló máa lọ, àyè orúkọ ṣì ṣófo. Èmi ò ní tẹ orúkọ rẹ síbẹ̀. Mo ti tẹ ohun tí ẹlòmíràn ò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó. Má sì kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀ ní ọ́fíìsì yín, pé ẹ lè kọ ọ́ kí omi bọ́ lójú òkúta. Fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tó ń ra ọṣẹ. Bó bá jẹ́ pé wàá wá, wá. Gba ẹ̀yìn wọlé, fọ ọwọ́ rẹ, kí o dúró sí ìhà kejì tábìlì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má wò ọ́. Má sọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́rin á wà níbẹ̀, bébà funfun á wà níbẹ̀, o sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mi ò gbé ọ ṣépè o, ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà. Ọlọ́run á tún ìwà rẹ ṣe fún ọ. Ọ̀nà rẹ ò ní dí. Ẹni tí o bí ò ní kọ irú lẹ́tà tí o kọ yìí sí ọ. Wàá dàgbà, wàá dẹni tí wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ̀ júwe, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Kí ìyàwó rẹ fún mi, kí o sì sọ fún un pé èmi ni mo ní kó fi lẹ́tà yìí hàn ọ́ lẹ́ẹ̀kejì bí o bá kà á tán tí o gbé e jù.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ obìnrin, ìyá rẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀tá rẹ ní ẹ̀gbẹ́ kejì títí wàá fi dé.

Àfikún: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù náà sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé báyìí. Bàbá rẹ lè pa àbàwọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ́ lára bébà débi tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Orúkọ rẹ ṣì ń hàn ketekete.